Ikún Gbé Àdògán Tó Ju Ẹnu Ilé Rẹ̀ Lọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun yó ni? Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Fẹ́hìntọ́lá, fi irun ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹni tó bá sùn kí n tó parí kò gbọdọ̀ bi mí léèrè lọ́la, n kì í pa àlọ́ fún ẹni tó ń hanrun.

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí kọjá ilé ọlọ́rọ̀, kò yà. Ó yí kọjá àgbàlá ìjòyè, kò wò ó. Ẹnu ihò Ikún ló ti dúró, ihò tí Ikún ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ àti Àríkẹ́, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo.

Ẹ mọ Ikún? Ẹranko kékeré báyìí, tí ìrù rẹ̀ gùn, tí ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ tún gùn ju ìrù lọ. Láyé ìgbà yẹn, ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni, kò sí ìlà, kò sí àpá. Ìlú tí wọ́n ń pè ní Abẹ́-Arère ni òun àti àwọn ẹranko ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ibà dá Àríkẹ́ dùbúlẹ̀. Ibà náà le. Àwẹ̀ní ò fojú kan oorun. Ó fi omi tútù nù ún lára, ó fún un lágbo mu, ó gbé e pọ̀n, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e pọ̀n. Nígbà tí ibà lọ tán, ọmọ ti rí tín-ín-rín bí orín. Kò fẹ́ ẹ̀kọ, kò fẹ́ ọbẹ̀. Nǹkan sísun nìkan ló ń bá a lẹ́nu mu: bọ̀ọ̀lì kan báyìí, ẹja wẹ́wẹ́ kan báyìí. Ó sì gbọ́dọ̀ gbóná. Tó bá ti tutù, Àríkẹ́ á pa ẹnu dé, ó tán nìyẹn.

Àwẹ̀ní ò wá bẹ Ọlọ́run ohun mìíràn mọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ọmọ rẹ̀ rí nǹkan gbígbóná jẹ nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kí ẹran padà sí i lára kí òjò tó dé. Àfi bí àdògán àtijọ́ tí wọ́n fi ń sun nǹkan ṣe là sí méjì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an!

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àdògán ní Abẹ́-Arère. Ìyá Alákàn ló ń fi amọ̀ mọ ọ́n létí odò fún gbogbo ìlú. Bí o bá fẹ́ ọ̀kan, ìwọ á bá Ìyá Alákàn wa amọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò ní kí o mú èyí tó wù ọ́ nínú àwọn tó ti sun. Ńlá ni o, kékeré ni o, iṣẹ́ kan náà ni.

Ikún lọ wa amọ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ ilẹ̀ wíwà yangàn níwájú Ikún! Ó wa amọ̀ títí òógùn fi bò ó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ní pọn Àríkẹ́ wá láti wá bá a yàn.

Ìyá Alákàn nu ọwọ́, ó ní, "Ìyá Àríkẹ́, ẹnu mélòó ló ń jẹun nílé yín?"

Àwẹ̀ní kúnlẹ̀. "Mẹ́ta ni, Ìyá."

"Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sórí èyí. Ọwọ́ kan fún ẹnu kan, ẹ wá fi ọwọ́ kan lé e nítorí àlejò. Ó tó yín. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ náà. Ṣé kò kọjá ọrùn ọwọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí àdògán bá jìn jù fún oúnjẹ kékeré, èédú á wà nísàlẹ̀, oúnjẹ á wà lókè, wọn ò ní mọ ara wọn rí."

Àwẹ̀ní gbé àdògán náà wò. Ó fúyẹ́. Irin tí wọ́n hun bí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ mọ́ rekete. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti ń rí bọ̀ọ̀lì Àríkẹ́ lórí rẹ̀.

Ikún ò tiẹ̀ wò ó. Ọ̀kan tó wà lábẹ́ igi ló ń wò. Hà! Àdògán yẹn, tí ẹ bá jókòó sínú rẹ̀, ẹ̀yin márùn-ún tó wà níwájú yìí, ẹ ò ní fi èjìká gbá ara yín.

Ikún ní, "Ìyá, tọ̀hún ńkọ́?"

"Mo mọ ìyẹn sílẹ̀ de ẹni tó bá ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ ni."

"Mo mú un."

Àwẹ̀ní fà á lápá. "Bàbá Àríkẹ́, ta ló ń gbéyàwó nílé wa?"

Ikún fà á sẹ́yìn igi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwẹ̀ní, o ò mọ nǹkan kan. Báwo ni Baálẹ̀ Ẹfọ̀n ṣe ń pín èédú?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín. Gbogbo ìlú ló ń jọ sun èédú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú àká Baálẹ̀ Ẹfọ̀n ni wọ́n ń kó o sí. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kálukú á gbé àdògán rẹ̀ wá, wọ́n á bu èédú kún un. Ohun tí Àwẹ̀ní náà dáhùn nìyẹn: "Ó ń bu ún kún àdògán kálukú ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àdògán kékeré, èédú kékeré. Àdògán ńlá ńkọ́? A ó máa lo ẹ̀kúnwọ́ kan péré nírọ̀lẹ́. Ìyókù, inú ihò la ó máa kó o sí. Bí òjò bá dé tí èédú wá wọ́n, gbogbo Abẹ́-Arère á máa wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Wọ́n á máa pè mí ní Bàbá Eléèédú." Ó fi ìrù gbálẹ̀ bí ẹni tó ti joyè tán.

"Ẹ ti gbàgbé àṣà kejì," ni Àwẹ̀ní wí. "Orí iná kì í ṣófo."

Òótọ́ ni. Ní ìlú yẹn, bí o bá dáná tí àyè wà lórí àdògán rẹ, aládùúgbò lè gbé tirẹ̀ lé e, kò ní tọrọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kọjá tó rí oúnjẹ ẹlòmíràn tó fẹ́ jó, dandan ni kó bá a yí i padà. Ẹni tí kò bá yí i, ojú ọ̀dájú ni wọ́n fi ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi ń mú àdògán tó mọ níwọ̀n ẹnu ilé rẹ̀.

Àwẹ̀ní sọ, sọ, sọ. Ikún ò gbọ́. Ó ń wo òkè, ó ń súfèé. Ibẹ̀ la ti mú un tí a fi ń sọ fún ọmọ aláìgbọ́ràn pé ó kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn. Mórẹ́niké, má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n yí àdògán délé. Ikún ń tì í, Àwẹ̀ní ń tì í, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ihò. Ikún gbé e síwájú, kò wọlé. Ó dà á dùbúlẹ̀, kò wọlé. Ó gbẹ́ ẹnu ihò fẹ̀ díẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ya lu ẹní tí wọ́n ń sùn. Ó tún fẹ́ gbẹ́ ẹ.

Àwẹ̀ní ní, "Ẹ kúkú wó ilé fún un!"

Ni Ikún bá fi í sílẹ̀ níta gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ọjọ́ ọjà pé. Ikún yí àdògán dé iwájú àká. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n wo àdògán, ó wo Ikún, ó tún wo àdògán.

"Ikún, ìwọ àti ta?"

"Èmi, ìyàwó mi, àti ọmọ mi kan, Bàbá."

"Àṣà ni àṣà. Ẹ bu ún kún un."

Wọ́n da agbọ̀n èédú kan síbẹ̀, kò kún. Wọ́n da òmíràn, kò kún. Wọ́n dà á, wọ́n dà á, ó wá kún. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ikún, máa kí àwọn àlejò rẹ fún wa o." Ikún ní òun á kí wọn. Kò tiẹ̀ mọ ohun tó dáhùn sí.

Ó kó èédú yẹn lọ sínú ihò ní díẹ̀díẹ̀ títí ibi tí wọ́n ń sùn fi há. Nírọ̀lẹ́, ó mú ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jù ú sínú àdògán, ó dáná sí i. Àwẹ̀ní bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan, ó gbé e sórí irin. Èédú wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí ẹni tó já sí kànga. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lókè. Wọ́n fẹ́ iná títí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò gbọ́ òórùn iná. Àríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, Àwẹ̀ní sì ń fi orin rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbe orin yìí o. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe abẹ̀bẹ̀. Bí mo bá lé e, ẹ ní, "Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o." Ṣé ẹ ti gbọ́?

Àríkẹ́ mi, má sunkún mọ́,
*Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o.*
Bọ̀ọ̀lì rẹ ń bẹ lókè téńté,
*Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o.*
Èédú rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ kòtò,
*Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o.*
Bàbá rẹ ló gbọ́n jù láyé,
*Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o.*

Ikún gbọ́ ìlà tó kẹ́yìn yẹn, kò sì dùn mọ́ ọn. Ó bínú wọlé, ó kó èédú jáde, ó dà á sí i. Kò tó. Ó tún kó òmíràn. Ìgbà tí àdògán fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán ni iná tó dé ara irin. Ó wá ràn! Ó pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀. Ooru rẹ̀ dé òdìkejì ọ̀nà.

Àfi gìrìgìrì, àfi gìrìgìrì, ẹsẹ̀ ń bọ̀.

Òkété ló kọ́kọ́ yọ, ó gbé iṣu dání. "Bàbá Àríkẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ẹ kú ìdáná! Áà, àyè wà lórí iná yín o!" Ó tẹ́ iṣu rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀yà dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ogunlọ́gọ̀ ọmọ, wọ́n gbé àgbàdo dání. "Ìyá Àríkẹ́, ara ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìtọ́jú o." Wọ́n to àgbàdo yípo. Ẹni tó gbé ẹja wá gbé ẹja, ẹni tó gbé ànàmọ́ wá gbé ànàmọ́. Wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, iwájú ihò Ikún dùn bí ọjọ́ ọdún.

Wọ́n ń sún nǹkan síwá, wọ́n ń sún nǹkan sẹ́yìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àríkẹ́ ń sún lọ sí etí, ó ń sún lọ sí etí, títí ó fi jábọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ní rí i, eérú àti iyanrìn ti bò ó. Iná ti ń kú. Èédú ti tán. Àríkẹ́ sì ti sùn pẹ̀lú omijé lójú.

Wọ́n wà láìní èédú títí ọjọ́ ọjà mìíràn fi pé. Tútù ni Àríkẹ́ ń rí, ó ń pa ẹnu dé.

Ṣé Ikún wá kọ́gbọ́n? Ẹ dá mi lóhùn, ṣé ó kọ́gbọ́n?

Kò kọ́ ọ o! Nígbà tí wọ́n tún bu èédú kún un, ó ní, "Àwẹ̀ní, àyè tó ṣófo ni wọ́n ń wá. Mi ò ní jẹ́ kí àyè ṣófo." Ó lọ sódò, ó kó òkúta, ó fi ewé wé e bí ẹja, ó tò wọ́n sórí irin kítikìti, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọmọ wà láàárín, ó dáná. Òkété dé, kò rí àyè. Kò bínú. Ó kàn rí i pé ewé fẹ́ jó. Ọmọlúwàbí ni Òkété. Ó mú ẹ̀mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí "ẹja" padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkúta odò tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ ni, ooru ti mú un. Gbòà! Ó bẹ́. Gbòà! Òmíràn bẹ́. Ẹyin iná fò káàkiri, ọ̀gẹ̀dẹ̀ fò wọ inú igbó, Òkété náà fò tẹ̀ lé e.

"Ẹja wo nìyẹn?" ni Òkété ń béèrè láti inú igbó. "Ẹ̀yin Bàbá Àríkẹ́, inú odò wo lẹ ti pa á?"

Àwẹ̀ní rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tó gbé Àríkẹ́ sí itan rẹ̀, tó fọwọ́ kan ìhà ọmọ náà, ó lè ka egungun rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gbẹ. Ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Bàbá Àríkẹ́, ọmọ yìí ń lọ sẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dá àdògán yìí padà."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i," ni Ikún wí. "Mo ti rí i. Mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó kó ìwọ̀nba èédú tó ti fi pamọ́ sínú ihò jáde, ó wọ́ gbogbo rẹ̀ jọ sí àárín àdògán, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àríkẹ́ nìkan, ó dáná sí i. Ó mú amọ̀ tútù, ó fi pa ikùn, ó fi pa ẹ̀yìn. Ó gun orí irin. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, ó na ọwọ́, ó na ẹsẹ̀, ó fi ara yí àdògán ká. Ibi tí ara rẹ̀ ò dé, ìrù dé e. Níbi etí lọ́hùn-ún, iná ò pọ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń dùn mọ́ ọn bí oòrùn àárọ̀.

"Kí lẹ ń ṣe yìí?" Àwẹ̀ní ké.

"Mo ń di àyè ni. Bí wọ́n bá dé, sọ fún wọn pé ẹran ni."

"Mi ò lè parọ́ o."

"Dákẹ́ nígbà náà." Ó di ojú.

Kò pẹ́, Òkété yọjú. Kò sún mọ́ ọn púpọ̀, ó ṣì ń rántí ẹja tó ń bẹ́. Ọ̀yà ló wá wo orí iná dáadáa. "Ìyá Àríkẹ́! Ẹran ńlá! Ẹ kú oríire o. Gbogbo àyè ti kún lónìí, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ jẹun." Inú rẹ̀ dùn sí wọn tọkàntọkàn. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Ṣùgbọ́n ẹran yìí ò jinná o. Iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá." Ni ó bá mú igi, ó tú èédú láti àárín, ó wọ́ ọ sábẹ́ Ikún. Aládùúgbò rere! Òkété gbé abẹ̀bẹ̀.

Ọ̀ràn dé bá Àwẹ̀ní. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti dójú ti ọkọ rẹ̀ láàárín ìlú. Bó bá dákẹ́, ọkọ á di ẹran ní tòótọ́. Ó wá fi orin bọ́nu, bóyá Ikún á gbọ́. Ẹ gbè é o!

Baálé mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o,
*Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o.*
Iná ti dé ẹ̀gbẹ́ yín o,
*Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o.*
Ìtìjú sàn ju ikú lọ,
*Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o.*
Ẹ dìde, ẹ fò, ẹ má dúró,
*Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, kó ràn o.*

Yéè, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe? Ẹ̀yin lẹ ń fẹ́ iná yẹn! Bí Òkété àti Ọ̀yà àtàwọn ọmọ wọn ṣe gbọ́ orin ìdáná tó dùn, ni wọ́n bá ń gbè é bẹ́ẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń gbè é ni wọ́n ń fẹ́ iná. Àwẹ̀ní ń lé e kíkankíkan, wọ́n ń fẹ́ ẹ kíkankíkan. Amọ̀ ara Ikún gbẹ. Ó sán. Ó jábọ́. Irin gbígbóná kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ikún gé eyín pọ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹran kì í sọ̀rọ̀, kí òun ṣáà fara dà á díẹ̀.

Ọ̀yà fa imú. "Òórùn jíjó ti ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé ẹ̀mú fún mi. Mi ò lè dúró máa wo ẹran ẹni ẹlẹ́ni kó jó."

Ó fi ẹ̀mú gbé Ikún láàárín. Ó yí i padà, pìà!

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà gba tirẹ̀.

"Yééèè! Mo kú o! Ẹ gbà mí o!"

Ikún fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀yà ju ẹ̀mú nù. "Ẹran sọ̀rọ̀!" Òkété ju abẹ̀bẹ̀ nù. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé nǹkan wà lórí iná yìí!" Àwọn ọmọ Ọ̀yà fọ́n ká. Ikún balẹ̀, ó yí nínú iyanrìn, ó di inú ihò, gbìì. Ohùn rẹ̀ ń jáde lábẹ́ ilẹ̀: "Omi! Àwẹ̀ní, omi!"

Àwẹ̀ní gbé ìkòkò omi kan wọlé fún un. Nígbà tó jáde padà, àwọn aládùúgbò ti ń yọ orí láti inú igbó. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀yà ní, "Ìyá Àríkẹ́, ṣé Bàbá Àríkẹ́ ni mo yí padà?" Àwẹ̀ní ní, "Àwọn ni." Ẹ̀rín wá gbalẹ̀. Òkété rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Àwẹ̀ní náà bá wọn rín in, àmọ́ láàárín ẹ̀rín ni ẹkún ti gbà á.

"Ọmọ mi ni mo ń rò," ó ní. "Ẹ má bínú o. Láti ìgbà tí ibà ti fi í sílẹ̀, nǹkan sísun gbígbóná nìkan ló ń jẹ. Láti ìgbà tí àdògán yìí ti dé, kò tíì jẹ ẹyọ kan!"



Ìyàwó Ọ̀yà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Àríkẹ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ? Àṣà ní kí orí iná má ṣófo. Kò ní kí ọmọ tó ń ṣàìsàn dúró sẹ́yìn àgbàdo wa." Ó bọ́ síwájú, ó ń wo àdògán ńlá náà. "Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìgbà tí a ò tíì bí àwọn ìbejì la gba àdògán tiwa. Kékeré ni. Bí a bá sun àgbàdo fún ìdajì ọmọ, ìdajì á máa sunkún. Ohun tó ń gbé wa wá síbí nìyẹn. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká pààrọ̀?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ohùn kan láti inú ihò ní, "Ẹ gbé e! Ẹ gbé e lọ! Mi ò fẹ́ fojú kàn án mọ́!"

Àwọn ọmọ Ọ̀yà sáré lọ gbé tiwọn wá. Ó mọ níwọ̀n. Ọwọ́ kan ni Àwẹ̀ní fi gbà á. Òkété fi ẹ̀mú ṣa ẹyin iná tó ṣẹ́kù sí i, ìwọ̀nba ni, ó sì kún un dé ibi tó yẹ. Ìyàwó Ọ̀yà bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun. Kí wọ́n tó sọ pé kí ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń tú èéfín, òórùn rẹ̀ dùn.

Àwẹ̀ní fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó gé e, ó fi sí ọwọ́ Àríkẹ́.

Àríkẹ́ wò ó. Ó fi imú gbóòórùn rẹ̀. Ó bù ú jẹ. Gbogbo ìlú ń wo ẹnu ọmọ kan. Ó jẹ ẹ̀ẹ̀kan, ó jẹ ẹ̀ẹ̀kejì, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. Ó na ọwọ́ pé òun ṣì ń fẹ́. Omi ń ṣàn lójú Àwẹ̀ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àríkẹ́ jẹ èkejì tán, ó wò yíká, ó wo orí iná, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "Bàbá ńkọ́? Ṣé àwọn náà ti jinná?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ létí odò lọ́dọ̀ Ìyá Alákàn.

Egbò Ikún jinná nígbà tó yá. Àmọ́ irun tó hù padà níbi tí irin ti jó o, funfun ló hù, ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, gbọọrọ láti èjìká dé ìdí. Bí ẹ bá rí ikún lóko, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í dé ìdí iná mọ́. Àwẹ̀ní àti Àríkẹ́ á sun ẹ̀pà tiwọn jẹ. Òun á wọ inú oko lọ hú tirẹ̀, tútù bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, ó sì ń wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá yí òun padà.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ sí rèé. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ẹ̀pà tí mo fẹ́ gé báyìí le bí òkúta ní eyín mi. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ẹ gbọ́ bó ṣe fọ́ lẹ́nu mi. Ẹ dákẹ́ o.

Kàù!